Ẹ Gbé Iná Sùyà Wá sí Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti ẹran sùyà, a ti dorí òwe náà kodò: òde ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ wà, ilé kì í sì í rí nǹkan gbà ju bébà tí epo ti rin lọ.

Èrò mi nínú àròkọ yìí kò díjú. Mo ní sùyà tó dùn bíi ti ìta ṣe é sun nílé. Mo ní ó yẹ kí a máa sun ún nílé. Mo sì ní ọkùnrin ilé, bẹ̀rẹ̀ láti orí baba títí dé orí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, ni ó yẹ kó di ọbẹ àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kẹta yìí ni yóò bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ ẹjọ́ mi tán kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń jẹ sùyà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ẹdẹ, yálà ní Alajue tiwa ni o, tàbí ní ojú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń gbà, onísùyà á ti tan iná rẹ̀. Òórùn ẹran á gba gbogbo àdúgbò kan. Àwọn wo ni ẹ ń rí tí wọ́n dúró yí àtẹ rẹ̀ ká? Ọkùnrin ni. Baba á jẹ ẹyọ méjì ní ìdúró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á mú ẹyọ kan, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọn yóò wé fún un pé kó mú relé. Kí ó tó délé, àwọn ọmọ kéékèèké ti sùn. Èyí tí kò tíì sùn á rí ẹran kan àti àlùbọ́sà mẹ́ta. Ìyá á ní òun ti yó. Ìyá kò yó. Ìyá kàn fi ojú ka ẹran náà ni, ó sì rí i pé kò kárí.

Èmi kò sọ pé baba burú. Ọ̀pọ̀ baba ni owó ọwọ́ wọn kò ju ti igi sùyà mẹ́ta lọ, tí wọ́n sì tún rántí mú nǹkan bọ̀ wálé. Ètò náà gan-an ni mo ń bá jà. Bí a bá ń ra oúnjẹ ní ẹyọ ẹyọ, ẹni tó bá sún mọ́ iná ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó wà nílé tó ń fọ abọ́, tó ń wẹ ọmọ, tó ń lọ ata ọ̀la, òórùn ni tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ìyá náà jẹ sùyà, iná la máa gbé wá sí ìtòsí rẹ̀.

Àwa nìkan kọ́ ni oúnjẹ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín lọ sí ìta. Ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní fajita. Ẹran màlúù ni, tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti èròjà, tí wọ́n sun lórí iná tó gbóná janjan, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì kó òun pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tàtàṣé yíyan sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan báyìí kí wọ́n tó ká a. Bí ẹ bá rí i lórí fóònù, ẹ ó ní àbúrò sùyà ni. Àìmọye fídíò ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe lè ṣe é nílé kó dà bíi ti ilé oúnjẹ ńlá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ilé oúnjẹ ńlá ló bí i.

Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Nínú èdè Sípéènì, faja túmọ̀ sí ọ̀já tàbí ìgbànú. Ẹran pẹlẹbẹ gígùn kan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn màlúù ni wọ́n fi orúkọ yìí pè. Láàárín nǹkan bí ọdún 1930 sí 1950, àwọn darandaran ọmọ ìran Mẹ́síkò tó ń ṣiṣẹ́ ní oko màlúù ní gúúsù Texas máa ń gba orí màlúù, ìfun àti ẹran pẹlẹbẹ yìí mọ́ owó iṣẹ́ wọn, nítorí pé àwọn olówó oko kò kà á sí ẹran gidi. Wọ́n gbé e lé iná, wọ́n sì rí i pé ó dùn. Ní ọdún 1969, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹran títà, Sonny Falcon, pàtẹ rẹ̀ níbi ayẹyẹ kan ní ìlú Kyle. Ní ọdún 1973, opó kan tó ní ọmọ márùn-ún, Ninfa Laurenzo, to tábìlì 10 sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ rẹ̀ ní ìlú Houston, ó sì ń fi ẹran sísun sínú búrẹ́dì náà tà kí ilé iṣẹ́ náà má baà kú. Ní ọdún 1982, òtẹ́ẹ̀lì Hyatt tó wà ní ìlú Austin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e síwájú àlejò lórí àwo irin gbígbóná tó ń hó ṣìì-ṣìì. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri, tí ẹran tí olówó kò kà sí tẹ́lẹ̀ fi di ọ̀wọ́n gógó lọ́wọ́ alápatà.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òtẹ́ẹ̀lì fi kún un? Ariwo àwo. Iná náà, ọbẹ náà, ata náà, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ oko ni wọ́n ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọmọ òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ń san owó ariwo lónìí lórí oúnjẹ baba ńlá wọn.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí a fi orúkọ ìlú Ọ̀fàdà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn pè, ni àwọn kan ń yọ ṣùtì sí nígbà kan pé òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, pé ìrẹsì òkè òkun ni ti ọ̀làjú. Lónìí, wọ́n ń fi ewé gbé e síwájú ènìyàn níbi ìgbéyàwó olówó, owó rẹ̀ sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àsun tí a mọ̀ mọ́ àwọn ará Oǹdó, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ tí a ṣe fún un: a sun ún ni. Ẹran ewúrẹ́, iná àti ata ni. Nísinsìnyí, òtẹ́ẹ̀lì ń fi igi kéékèèké gún un, ó sì ń tà á bí ẹni pé òòṣà ló kọ́ òun. Mi ò bínú sí òtẹ́ẹ̀lì. Àwa tí a gbàgbé pé tiwa ni, àwa ni mo ń bá wí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ń sọ pé kò ṣe é ṣe lóhùn. Wọ́n ní onísùyà ní àṣírí. Wọ́n ní bó ti wù kí a ṣe é tó, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni sùyà ti tọ̀ wá wá, tsire ni wọ́n ń pe èyí tí a fi gún igi, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n wọn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yàtọ̀ sí awo. Ọgbọ́n ṣe é kọ́. Ojú títì ni onísùyà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, lábẹ́ gílóòbù. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ kì í ṣe é níwájú ẹni tó ń rà á. Àwa tí a dúró níbẹ̀ kì í wo ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹran là ń wò.

Ẹran ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí a ní kí alápatà gé kílò 1 láti itan màlúù, kó má fi egungun sí i, kó sì yọ iṣan líle kúrò. Ọ̀rá díẹ̀ kò burú, òun ni kì í jẹ́ kí ẹran gbẹ. Bí iná mànàmáná bá wà, kí a kó ẹran náà sínú fíríìsà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kó gan díẹ̀, kí ọbẹ lè là á pẹlẹbẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà níbí: kí a wo bí fọ́nrán ẹran náà ṣe tò, kí a sì gé e dábùú fọ́nrán náà. Kí ọbẹ má ṣe bá a rìn. Fọ́nrán gígùn ló ń mú ẹran yi lẹ́nu. Bí ọbẹ bá ti gé e kúrú, iṣẹ́ eyín ti dín kù. Àwọn tó ń ṣe fajita ní Texas mọ èyí. Onísùyà tó wà ní ìkòríta náà mọ̀ ọ́n. Òfin kan náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni yàjì. Kùlíkùlí ni ìyá rẹ̀. Kí a gún ife kan, kí a dì í sínú aṣọ tó mọ́, kí a fún un kí epo ara rẹ̀ jáde, nítorí pé epo ló ń jẹ́ kó dì mọ́ra bí ẹ̀kọ. Kí a wá tún un gún, kí a sì pò ó mọ́ ata gbígbẹ lílọ̀ síbí 2, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ síbí 1, kànáfùrù àti èèrù lílọ̀ díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ àti màgí níwọ̀n. Kí a pín in sí ọ̀nà méjì. A ó fi apá kan pa ẹran tútù lára pẹ̀lú òróró ẹ̀pà síbí 3. Apá kejì, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tó ti kan ẹran tútù kàn án. Òun ni a ó bù wọ́n ẹran tó ti jiná. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ń fi àrùn tí iná ti pa dá padà sórí ẹran ni.

Kí a bo ẹran náà fún wákàtí 1. Láàárín ìgbà yẹn, kí igi tí a ó fi gún un wà nínú omi kí ó má baà jó. Kí a wá dáná èédú sínú àdògán ní ìta gbangba. Mo tún un sọ: ní ìta gbangba. Atẹ́gùn olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì máa ń pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì pa. Kí a má gbé ẹran lé iná tó ń jó gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kí a dúró títí ọwọ́ iná yóò fi rọlẹ̀, tí ẹyin èédú yóò fi pọ́n, tí eérú funfun yóò sì bò ó. Asẹ́ irin tí àwọn tó ń sun àgbàdo ń lò ti tó. Ìṣẹ́jú 4 tàbí 5 fún ẹ̀gbẹ́ kan, kí a yí i, kí a ta òróró sí i, kí a sun ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí a má ṣe é títí yóò fi di èédú. Ibi tó bá jó dúdú, kí a gé e dànù. Àlùbọ́sà, tòmátò àti kábéèjì tí a fọ̀ dáadáa ni a ó fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bíi ti Texas, kó gé tàtàṣé àti àlùbọ́sà gbọọrọgbọọrọ, kó yan wọ́n nínú agbada gbígbóná tí òróró rẹ̀ kò pọ̀, kó fi ẹran sí i, kó kó gbogbo rẹ̀ sínú búrẹ́dì. Gbogbo ìmọ̀ ibẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ọbẹ mímú, iná gbígbóná, sùúrù.

Ní Sátidé kan nígbà ìsinmi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀gbọ́n mi gé ẹran, wọ́n sì mú abẹ̀bẹ̀. Èmi gún yàjì. Àwa mẹ́fà la jẹ kílò kan yẹn. Màmá àgbà wa, tí wọn kì í fọwọ́ kan sùyà nítorí eyín, ní kí a gé tiwọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù lọ ni màmá mi. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n jẹun títí wọ́n fi yó, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde lọ mú omi wá. Mo ti di ọmọ ọdún 16. Mi ò lè ka ìgbà púpọ̀ tí mo ti rí irú rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ ńkọ́, ẹran ti wọ́n. Òótọ́ ni. Èmi kò ní dárúkọ iye kan, nítorí pé owó ọjà wa kì í dúró lójú kan láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ béèrè iye tí sùyà tí yóò tó ẹni mẹ́fà jẹ ń lọ níta. Ẹ wá ṣírò kílò ẹran kan, kùlíkùlí, ata, òróró àti èédú. Ẹ rántí pé ẹran tí a sun máa ń fi omi ara rẹ̀ sílẹ̀, pé kílò kan kò ní tó kílò kan mọ́ bó bá jiná. Ẹ fi ìyẹn sí i. Ẹ rántí pẹ̀lú pé yàjì tí a gún lẹ́ẹ̀kan lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sọ fún mi èyí tó wọ́n jù. Bí apá kò bá ká a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Sùyà oṣooṣù tí gbogbo ilé jẹ sàn ju ti ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo tí ẹnìkan dá jẹ.

Àwọn mìíràn á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu onísùyà. Ọ̀rọ̀ yìí kan mí lára, nítorí pé àwọn onísùyà àdúgbò wa jẹ́ ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lọ́nà jíjìn wá wá iṣẹ́ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú. Gbogbo ilé ní Alajue ló ń din ẹyin. Ṣé ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín ti kó ẹrù rẹ̀ lọ? Gbogbo ilé ló ń se ẹ̀wà. Àwọn ẹlẹ́wà ṣì ń fa èrò lówùúrọ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe nǹkan ló ń mọ iyì ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ onísùyà yẹn kan náà ni a ti lè ra yàjì tó gún fúnra rẹ̀. Aládùúgbò wa ni, a sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bí a ṣe ń gún ẹran mọ́ igi hàn wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó le jù, ìyẹn ni pé ọkùnrin kì í dáná. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ àròkọ yìí, nítorí pé bí a bá gbé sùyà wá sílé láìyí èyí padà, a kàn ti di ẹrù tuntun lé orí ìyá ni. Ó ń se àmàlà, ó ń gún iyán, ó ń yan ẹja, a tún ní kó wá máa fẹ́ iná sùyà! Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀ níta.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ni ẹ ti rí nídìí àtẹ sùyà? Èmi kò tíì rí obìnrin kan rí. Ọkùnrin ló ń gé e, ọkùnrin ló ń pa yàjì mọ́ ọn, ọkùnrin ló ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó rà á kò sọ pé ọkùnrin náà ti di obìnrin. Nítorí náà, ọwọ́ ọkùnrin lè dáná fún owó. Èéṣe tí kò fi lè dáná fún ìyá rẹ̀?

Bí wọ́n bá ní àṣà ni, mo ní kí wọ́n tún àṣà náà wò. Àgbẹ̀ Yorùbá kì í pe ìyàwó rẹ̀ wá sí oko kó wá bá òun sun iṣu. Ó ń dá iná, ó ń sun iṣu rẹ̀, ó ń ha á, ó ń fi epo jẹ ẹ́. Ọdẹ kì í gbé ẹran ìgbẹ́ wálé tútù bí ọ̀nà bá jìn. Ó ń yan án nínú igbó. Láti ilẹ̀ wá ni sísun àti yíyan ti jẹ́ iṣẹ́ tí ọkùnrin mọ̀ bí kò bá ti sí ẹni tó ń wò ó. Ẹ sì wo ọjọ́ Iléyá ní ìlú Ẹdẹ tiwa yìí, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ta ni ń dúńbú àgbò? Ta ni ń bó awọ rẹ̀? Ta ni ń gé e tí ẹ̀jẹ̀ ń ta sí i láṣọ? Àwọn ọmọkùnrin tí wọn kì í lè gé àlùbọ́sà ní ọjọ́ mìíràn di alápatà lọ́jọ́ yẹn. Lálẹ́, asẹ́ irin á wà lórí iná ní agboolé lórí agboolé, aládùúgbò tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì á rí tirẹ̀ jẹ, kò sì sí ọkùnrin kan tí ojú ń tì. A jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún la kàn yàn láti fi mọ̀ ọ́n.

Ìlú wa ni a ti ń ki Tìmì Àgbàlé ní Ọlọ́fà-iná, jagunjagun tí ọfà rẹ̀ ń gbé iná lọ bá ọ̀tá. Ọmọ ìlú Ọlọ́fà-iná kò yẹ kó máa sá fún iná àdògán.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Nínú ìdánwò WAEC, Foods and Nutrition wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọbìnrin nìkan ló gbọdọ̀ ṣe é. Síbẹ̀, bí ọmọkùnrin kan bá dá a lábàá, ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ti tó láti lé e padà. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wọ̀nyí kan náà ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Ta ni wọ́n rò pé ó ń dáná níbẹ̀? Bí olùkọ́ bá lè mú àdògán kan wá sí pápá, kí tọkùnrin tobìnrin inú kíláàsì gé ẹran, kí wọ́n wọn èròjà, kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ìṣirò, ẹ̀kọ́ ìlera àti ìwà ọmọlúàbí ti parapọ̀ ní ọ̀sán kan.

Mo fẹ́ fi gbólóhùn díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀yin ọmọkùnrin ẹgbẹ́ mi. Kì í ṣe àwọn baba wa ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Igi ti gbẹ, ó ṣòro láti tẹ̀. Ẹ̀yin ṣì tutù. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ ó fẹ́ ìyàwó. Bí ẹ bá ní owó sùyà lọ́wọ́ ní ìparí oṣù yìí, ẹ bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín dá a pọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ alápatà, ẹ pọ́n ọbẹ, ẹ dáná sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ní kí àwọn màmá yín jókòó. Ẹ kọ́kọ́ gbé tiwọn fún wọn, kí ẹ tó bu tiyín. Bí wọ́n bá ní àwọn ti yó, ẹ má gbà.